Òǹwòran, elégbè, adásíran: èwo ló tọ́?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín láti Abẹ́òkúta. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a pa “òǹwòran” tì bí a bá ń kọ̀wé lórí iṣẹ́ ọnà àti ìṣèlú, kí a fi “elégbè” rọ́pò rẹ̀, nítorí pé ẹni tó káwọ́ lẹ́rán ni òǹwòran. N kò fara mọ́ ọn.

Lóòótọ́, a máa ń bá ènìyàn wí pé ó kàn ń wòran. Ṣùgbọ́n “wò” inú ọ̀rọ̀ náà ni a fi ń sọ pé oníṣègùn ń wo aláìsàn, òun ló sì wà nínú “wòye”. Iṣẹ́ ni méjèèjì. Ohun tí Jacques Rancière, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Faransé, ń tẹnu mọ́ nìyí: ẹni tó jókòó wo eré ń ṣa èyí tí yóò mú nínú ohun tó ń rí, ó ń fi ohun tó rí wé ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí náà jíjókòó rẹ̀ kì í ṣe ìmẹ́lẹ́. Fún èrò tirẹ̀, “òǹwòran” pé pérépéré.

Ọ̀tọ̀ ni ti Augusto Boal, olùdarí eré oníṣe ọmọ Bràsíl, tó ní kí ẹni tó ń wòran dá eré dúró, kí ó bọ́ sójú agbo, kí ó gba ipò òṣèré, kí ó sì tún ọ̀ràn náà ṣe bí òun ṣe rò pé ó yẹ. “Elégbè” kò lè gbé èyí, torí ohun tí adárin bá dá ni elégbè ń gbè. N kò fojú kéré ègbè o: nígbà tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá kóra jọ síwájú ààfin Aké ní 1947 nítorí owó orí, orin wà lára ohun ìjà wọn, ẹni tó bá sì gbè é níbẹ̀ ti wọ inú ọ̀ràn. Síbẹ̀ àwọn ọdẹ ló sún mọ́ Boal jù: bí ẹnì kan bá ń sun ìjálá, tó ṣi oríkì ẹranko kan pè, òmíràn nínú àwọn tó jókòó ń gbọ́ ọ lè dá a dúró, kí ó ní kò rí bẹ́ẹ̀, kí ó sì sun èyí tó tọ́.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo pè ní “adásíran”, ẹni tó dá sí ìran. Ẹnì kan lè ní òǹkàwé yóò rò pé ìran àwọn baba ńlá wa ni. Ewu kan náà wà nínú “òǹwòran”, kò sì ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà rí. Kí “elégbè” dúró sídìí orin. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo túmọ̀ Rancière àti Boal, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé ohùn wọn ṣọ̀kan, bẹ́ẹ̀ wọn kò fẹnu kò lórí ohun tí ìjókòó jẹ́. Ẹ bá mi yẹ “adásíran” wò, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní eré oníṣe.