Imú tó ń ṣomi lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kókó orí: ṣé agbo kàtá ṣeé lò?

Olùbéèrè, Àkúrẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Aláìsàn kan ní craniopharyngioma, kókó inú orí tó ṣọ̀wọ́n, tí kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ. Ó pé ọ̀sẹ̀ 6 tí wọ́n ti gba ihò imú yọ ọ́, àmọ́ díẹ̀ ṣẹ́ kù nínú kókó náà. Hydrocortisone (tó ń rọ́pò cortisol tí ara rẹ̀ kò ṣe tó mọ́) àti desmopressin (tó ń dín ìtọ̀ àtọ̀jù kù) ló ń lò. Ọyẹ́ dé, ó ń sín, imú ń ṣomi. Àwọn ará ilé fẹ́ kó fa ooru efinrin, kó sì máa mu agbo kàtá láti Ọjà Ọba. Àwọn kan tún ní ìwádìí sọ pé tùràrí ń mú kókó orí súnkì.

Apòògùn, Òǹdó:
Ẹ wo omi imú yẹn ná. Bó bá mọ́ gaara, tó ń kán láti ihò kan ṣoṣo, tó ń dà bó bá tẹrí ba, tó sì dà bí iyọ̀ lọ́nà ọ̀fun, ó lè jẹ́ omi tó yí ọpọlọ ká ló ń jò. Ẹ jẹ́ kó kán sórí áńkáṣíìfù funfun, kí ẹ sá a. Ikun imú máa ń mú aṣọ gan. Omi ọpọlọ kì í mú un gan. Àyẹ̀wò beta-2 transferrin, èròjà kan tó wà nínú omi ọpọlọ, ló ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ẹ má ro oje ewé kankan sí imú, kó má sì fun ún. Bó bá fẹ́ sín, kó lanu. Efinrin ní thymol nínú, á ta ojú egbò, á sì tún mú un sín sí i.

Nọ́ọ̀sì:
Desmopressin yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ó ń dá omi dúró sínú ara. Bó bá ń mu agbo ife ńlá mẹ́ta mẹ́rin lóòjọ́, iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀: orí fífọ́, èébì, ọkàn á dàrú, gìrì á dé. Ẹ ó máa rò pé kókó ló tún ń dàgbà! Bí agbo bá sì mú un bì, á bi hydrocortisone jáde pẹ̀lú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ hydrocortisone 100 mg ló nílò nígbà náà, kíá, ní ọsibítù.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣé gan-an. Tùràrí ńkọ́?

Apòògùn, Òǹdó:
Ìwádìí náà wà, Jámánì, 2011. Aláìsàn 44 tó ń gba ìtọ́jú onítànṣán sí orí nítorí kókó ni. Àwọn kan lo boswellia (oògùn tí wọ́n fi irú tùràrí kan ṣe) 4200 mg lóòjọ́, àwọn yòókù lo èyí tí kò ní oògùn nínú. Wíwú ọpọlọ fi ohun tó ju 75% lọ sílẹ̀ lára 60% àwọn tó lò ó, àti lára 26% àwọn yòókù. Wíwú tó yí kókó ká ni o, kì í ṣe kókó fúnra rẹ̀. Kókó jẹjẹrẹ ló sì wà nínú orí wọn. Tùràrí tí à ń sun nílé kò ní ìwọ̀n, èéfín rẹ̀ á sì ta imú.

Olùbéèrè:
Aṣọ ti gbẹ, kò gan rárá. Ihò òsì nìkan ló ń kán.

Nọ́ọ̀sì:
Ẹ má dúró dọ̀la. Ẹ fi ìrọ̀rí méjì gbé orí rẹ̀ sókè, ẹ pe oníṣẹ́ abẹ rẹ̀, kí ẹ sì gbéra. Ẹ mú hydrocortisone rẹ̀ dání.