Ṣé kí n sọ òótọ́ iye pósí fún olóòkú?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará, mo fẹ́ ìmọ̀ràn. Mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń ta pósí, tó tún ń gbé òkú, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Tí òkú bá ti wọ mọ́ṣúárì, ẹnìkan níbẹ̀ á ta ọ̀gá mi lólobó. Kí olóòkú tó nu omijé tán, a ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Owó ẹni tó pè wá yẹn, orí pósí la máa ń gbé e lé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá àgbà kan tó fẹ́ sin ọkọ rẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé iye tí wọ́n ń tà á gan-an nìyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Láti ọjọ́ náà, oorun ò kùn mí. (Mùsùlùmí ni mí, aṣọ funfun la fi ń sin òkú tiwa. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí owó pósí máa yà mí lẹ́nu.)

Ọ̀gá mi kì í ṣe èèyàn burúkú o, kì í fi òkú ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí, ṣé báyìí náà lẹ ń ṣe? Báwo ni mo ṣe lè bá a sọ ọ́ tí mi ò fi ní dà bí aláìmoore? Àbí kí n wá ìyá yẹn lọ?