Mo fẹ́ ìmọ̀ràn: gbígba owó àti sísan owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìbọ́ sọ́wọ́ gbájúẹ̀

Ìrẹsì_Ìgbẹ̀mọ:
Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ìrẹsì Ìgbẹ̀mọ àti èlùbọ́ ni mò ń tà l'Adó, orí WhatsApp àti Facebook sì ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ti ń rí mi. Àwọn kan wà l'Ékòó àti Àbújá. Àwọn mìíràn wà lókè òkun, tí wọ́n fẹ́ kí n gbé àpò ìrẹsì lọ fún ìyá wọn ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí Ìkọ̀lé. Mo tún fẹ́ ra ẹ̀rọ tó ń lẹ ẹnu ọ̀rá lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń polówó lórí Instagram, Èkó ló ní òun wà. Ọ̀nà wo ló dájú jù láti gbowó, ọ̀nà wo ló sì dájú láti sanwó? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fínnífínní, kí n lè fi kọ́ ọmọ tó ń bá mi dúró ní ṣọ́ọ̀bù.

Akápò_Ajílósùn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá. Ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ yẹn gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé alert kì í ṣe owó. Orúkọ báǹkì tó máa ń jókòó lókè SMS, oníjìbìtì lè fi orúkọ yẹn gan-an ránṣẹ́, yóò sì bọ́ sí abẹ́ àwọn alert tòótọ́ tó ti wà nínú fóònù yín tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń rí àwọn tó gbọ́n pàápàá mú. Risíìtì orí WhatsApp tún rọrùn láti fi tanni jẹ, nítorí áàpù wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ṣe ayédèrú risíìtì lọ: wọ́n á tẹ orúkọ yín, nọ́ńbà akáǹtì yín àti iye owó sí i, ó parí.

Ẹ ṣí áàpù báǹkì yín lórí fóònù tiyín. Ẹ wo "available balance", kí ẹ tó wá wo àkọsílẹ̀ owó tó wọlé. Bí iye tó wà níbẹ̀ kò bá yí padà, ẹrù kò gbọdọ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, bó ti wù kí oníbàárà máa kánjú tó. Bí dátà bá tán, ẹ lo kóòdù báǹkì yín: *894# ni ti First Bank, *737# ti GTBank, *901# ti Access, *966# ti Zenith, *919# ti UBA. ₦6.98 ni wọ́n ń yọ fún un. Ẹ fi wé iye àpò ìrẹsì kan kí ẹ tó sọ pé ó pọ̀.

Ohun kan tún wà tí ọmọ ṣọ́ọ̀bù lè kọ́ kíá. Risíìtì owó tó ti báǹkì kan bọ́ sí òmíràn máa ń ní session ID, nọ́ńbà gígùn tó jẹ́ 30 lápapọ̀. Mẹ́fà àkọ́kọ́ dúró fún báǹkì tó fi owó ránṣẹ́. Méjìlá tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ àti àkókò: ọdún, oṣù, ọjọ́, wákàtí, ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú-àáyá, méjì méjì. Bí ẹ bá rí 000013 260214 093512 níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, owó yẹn jáde ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2026, aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú 35 àárọ̀. Bí ẹni náà bá ní òní lòun san án, tó sì jẹ́ ọjọ́ oṣù tó kọjá ló wà nínú nọ́ńbà, tàbí tí nọ́ńbà kò pé 30, ẹ ti mú un. Bí gbogbo rẹ̀ bá tilẹ̀ bára mu, ẹ ṣì máa wo akáǹtì, torí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lè to nọ́ńbà náà dáadáa.

Ìyá_Elélùbọ́_ỌjàỌba:
Òótọ́ pọ́ńbélé. Ibi tó ti ń bàjẹ́ fún àwa ọlọ́jà ni pé fóònù tó ń gba alert wà lọ́wọ́ ìyá nílé, ọmọ ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ á pe ìyá, ìyá á ní òun ti rí i, torí pé SMS dún. Ẹ gba ẹ̀rọ POS tiyín tó ní nọ́ńbà akáǹtì tirẹ̀, kí ọmọ máa rí owó tó wọlé lójú ẹ̀rọ láìfọwọ́ kan owó ilé. Tó bá di alẹ́, ẹ kó ohun tó wà níbẹ̀ lọ sí akáǹtì mìíràn tí ẹ kì í fún oníbàárà.

Bí ẹ bá kọ nọ́ńbà akáǹtì mọ́ ara ògiri, ẹ máa kà á láràárọ̀ láti orí dé ìdí, nọ́ńbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Wọ́n ń lẹ bébà mìíràn mọ́ ọn lórí. Kí oníbàárà sì ka orúkọ tó jáde lójú fóònù rẹ̀ sókè kó tó tẹ PIN.

ỌmọÌkẹ́rẹ́:
Kí ló dé tí ẹ ń da ara yín láàmú? Kí wọ́n sanwó nígbà tí ẹrù bá dé ọwọ́ wọn, ó tán.

Páàkì_Adó:
Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn dára fún ẹni tó ń rà, kò dára tó bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń tà. Bí àpò kílò 25 bá dé Ojota tí oníbàárà sì pa fóònù, ta ni yóò san owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀? Nínú Adó níbí, láti Ajílósùn dé Básírì, ẹ lè ṣe é, torí ọlọ́kadà á kàn gbé e padà ni. Sí Èkó àti Àbújá, ó kéré tán ẹ gba owó ọkọ̀ ṣáájú. Ẹni tí kò bá fẹ́ san owó ọkọ̀ kò tíì ṣetán láti ra ìrẹsì. Àwọn ilé iṣẹ́ akẹ́rù kan máa ń bá ni gba owó ọjà lọ́wọ́ oníbàárà, wọ́n á sì san án síni lákáǹtì lẹ́yìn náà. Kí ẹ tó kó ẹrù fún wọn, ẹ béèrè ọjọ́ tí owó yín máa dé, iye tí wọ́n ń yọ, àti ẹni tó máa san owó àbọ̀ bí oníbàárà bá kọ ọjà.

Awakọ̀ páàkì kì í ṣe akápò o. Ẹ má ní kó bá yín gba owó ọjà bọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe wébìlì, ìyẹn kí ẹ fi ẹrù rán awakọ̀ páàkì, ẹ ya àwòrán àpò níbi tí orúkọ ẹni tó máa gbà á ti hàn, ẹ ya nọ́ńbà ara ọkọ̀, ẹ gba nọ́ńbà fóònù awakọ̀, kí ẹ sì pè é níṣojú rẹ̀ títí yóò fi dún. Owó gbọ́dọ̀ ti wọlé pátápátá kí àwòrán àti nọ́ńbà wọ̀nyí tó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, nítorí ẹni tó bá ti ní nọ́ńbà awakọ̀ lè lọ pàdé ọkọ̀ lọ́nà kó gba ẹrù.

Akápò_Ajílósùn:
Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, torí òun ló ń ti akáǹtì àwọn olóòótọ́ pa. Owó lè wọlé lóòótọ́, kó sì jẹ́ owó olè. Bó ṣe ń rí nìyí: oníjìbìtì ń polówó fóònù tí kò ní fún obìnrin kan ní Kàdúná, ₦180,000. Ó ti bá yín ná ìrẹsì ₦180,000 tẹ́lẹ̀. Nọ́ńbà akáǹtì yín ló fún obìnrin yẹn. Owó wọlé, ẹ rí i pẹ̀lú ojú ara yín, ẹ kó ìrẹsì fún un, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí obìnrin náà kò rí fóònù, ó fẹjọ́ sùn ní báǹkì rẹ̀, akáǹtì yín ni wọ́n sì bá lójú ọ̀nà. Báǹkì á de owó yẹn mọ́lẹ̀, wọ́n ń pè é ní lien. Nígbà mìíràn gbogbo akáǹtì ni wọ́n á dè.

Nítorí náà, ẹ béèrè orúkọ ẹni tó máa sanwó kó tó san án, kí ẹ sì wò ó bóyá orúkọ tó wọlé bá a mu. Kí ẹ tún ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rà sí ibi tí wọ́n ń pè ní narration: "ìrẹsì àpò 4, Adó". Ẹni tó rò pé fóònù lòun ń rà kò ní kọ ìrẹsì síbẹ̀, yóò béèrè ìdí rẹ̀, àṣírí á sì tú. Ẹ má pa ìwé owó ọjà àti ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lórí WhatsApp rẹ́, àwọn ni ẹ ó fi ṣàlàyé fún báǹkì.

Bákan náà ni ẹni tó ní òun ṣèèṣì fi ₦150,000 ránṣẹ́ dípò ₦50,000, tó ní kí ẹ fi ìyókù ṣọwọ́ sí akáǹtì àbúrò òun. Ọ̀pọ̀ ìgbà, owó kankan kò wọlé rárá. Bó bá sì wọlé, ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí akáǹtì mìíràn. Kó lọ fi tó báǹkì rẹ̀ létí, kí báǹkì náà bá tiyín sọ ọ́.

Kọ̀ǹpútà_Ọ̀yẹ́:
Ẹ kú àlàyé. Ní ti àwọn tó wà lókè òkun, bí wọ́n bá ṣì ní akáǹtì náírà, kí wọ́n fi ránṣẹ́ bí ẹni tó wà nílé. Ìyẹn ló dínwó jù: owó tó wà láàárín ₦5,001 sí ₦50,000, ₦26.88 ni báǹkì ń yọ, ₦50 ìjọba sì tún wà lórí owó tó bá tó ₦10,000.

Ẹni tí kò bá ní akáǹtì náírà, ẹ ṣí akáǹtì lórí Paystack, ilé iṣẹ́ tó ń bá oníṣòwò gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ ṣe líǹkì tó máa fi káàdì san án. Lórí káàdì ilẹ̀ yìí, 1.5% àti ₦100 ni wọ́n ń gbà, kò sì ní ju ₦2,000 lọ. Bí ọjà kò bá tó ₦2,500, ₦100 yẹn kò sí níbẹ̀. Káàdì òkèèrè jẹ́ 3.9% àti ₦100. Ìrẹsì ₦45,000, ₦775 ni wọ́n á yọ lórí káàdì ilẹ̀ yìí, ₦1,855 lórí ti òkèèrè. Ẹ ti kà á mọ́ iye ọjà kí ẹ tó dá a lé. Owó orí líǹkì kì í wọ báǹkì yín lójú ẹsẹ̀ o. Ọjọ́ iṣẹ́ kejì ni ẹ máa retí èyí tí wọ́n fi káàdì ilẹ̀ yìí san, nítorí náà, owó tí wọ́n san ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ Ajé ni.

Káàdì ní ewu tirẹ̀: ẹni tó ni ín lè sọ fún báǹkì rẹ̀ lẹ́yìn náà pé òun kò rí ọjà gbà tàbí pé òun kọ́ ló san án, wọ́n á sì yọ owó náà padà. Ohun tó lè gbà yín ni ẹ̀rí. Bí ẹ bá gbé àpò dé ọ̀dọ̀ ìyá ní Ìkọ̀lé, ẹ ní kí ìyá tàbí ẹni tó bá wà nílé fọwọ́ sí ìwé, kí ẹ ya àpò náà lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ lọ́jọ́ náà gan-an, kó sì dáhùn pé òun rí i. Ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí, tó fẹ́ fi káàdì òkèèrè ra àpò 20 lẹ́ẹ̀kan náà tó sì ní kí ẹ gbé e lọ kíákíá sí ibi tí kò jọ mọ́ orúkọ rẹ̀, ẹ má tà á fún un.

Ẹ tún ti WhatsApp yín pa. Bí wọ́n bá gbà á, nọ́ńbà akáǹtì tiwọn ni wọ́n á máa fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà yín lórúkọ yín. Ẹ wọ Settings, ẹ tẹ Account, ẹ tẹ Two-step verification, ẹ yan PIN onínọ́ńbà mẹ́fà, kí ẹ fi email yín sí i kí ẹ má bàa gbàgbé PIN tí kò ní sí ọ̀nà àbáyọ. Nọ́ńbà mẹ́fà tí WhatsApp máa ń fi SMS ránṣẹ́, kò sí ọmọ ìyá tó yẹ kó gbà á lọ́wọ́ yín. Kí ẹ sì sọ fún àwọn oníbàárà nísinsìnyí pé nọ́ńbà akáǹtì yín kì í yí padà lórí WhatsApp láìjẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín pè wọ́n.

Ìrẹsì_Ìgbẹ̀mọ:
Ẹ ṣeun gan-an, Olúwa á bù sí i fún gbogbo yín. Ti oníẹ̀rọ yẹn wá ńkọ́? Orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló wà lórí Instagram, orúkọ ènìyàn ló wà lórí akáǹtì tó fún mi, kò sì bára mu. Ó ní kí n san ìdajì, ìyókù bí ẹ̀rọ bá dé. Ó tún ní bí n kò bá fọkàn tán òun, òun ní líǹkì alárinà kan tó máa bá wa di owó mú.

Oníṣòwò_Ìjerò:
Màmá, ẹ má tíì san án. Líǹkì alárinà tó ti ọwọ́ ẹni tó ń tajà wá, òun kan náà ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ alárinà, ẹ̀yin ni kí ẹ yàn án, kí ẹ sì tẹ orúkọ òpó rẹ̀ fúnra yín. Àmì àgádágodo tó wà lókè òpó íntánẹ́ẹ̀tì kò sọ pé olóòótọ́ ló ni ín. Gbogbo ohun tó ń sọ ni pé ẹnikẹ́ni kò lè yọjú wo ohun tí ẹ ń tẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ẹ wá orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà lórí òpó CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iṣẹ́ òwò sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ béèrè akáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà gan-an. Bó bá ní báǹkì ń ṣe àtúnṣe, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ pè é lórí fídíò, kó ki iná bọ ẹ̀rọ lójú yín, kó fi lẹ ọ̀rá kan tó ní ìrẹsì nínú, kó sì yí ẹ̀rọ padà kí ẹ rí nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó kàn jí àwòrán ẹlòmíràn lò kò lè ṣe ìyẹn.

Bó bá yege, owó ọkọ̀ nìkan ni kí ẹ san ṣáájú. Ẹ san ìyókù nígbà tí ẹ bá ti tan ẹ̀rọ náà wò níwájú ẹni tó gbé e dé Adó. Ẹ má san ìdajì. Ọ̀pọ̀ àwọn oníjìbìtì yìí, ìdajì yẹn gan-an ni wọ́n ń wá. Bó bá sì jẹ́ káàdì lẹ máa fi san án lórí òpó ìtajà ńlá, ẹ lo káàdì akáǹtì tí kò sí ju owó ẹ̀rọ lọ nínú rẹ̀, ẹ má sì ya àwòrán ẹ̀yìn káàdì fún ẹnikẹ́ni, torí nọ́ńbà mẹ́ta tó wà níbẹ̀ àti iwájú rẹ̀ ti tó fún wọn láti fi rajà lórí òpó kan.

ỌmọÌkẹ́rẹ́:
Mo gbà. Bí ẹnìkan bá ti wá sanwó ńkọ́, tí ẹni tó tajà sì ti di í lọ́nà?

Akápò_Ajílósùn:
Wákàtí àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù, torí kíákíá ni wọ́n ń gba owó náà jáde lọ́dọ̀ oní-POS. Kó pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì rẹ̀, kó ní ẹ̀sùn jìbìtì lòun fẹ́ fi sùn. Kó ka session ID, iye owó, àkókò, àti nọ́ńbà akáǹtì àti báǹkì tó gba owó náà, kó sì ní kí wọ́n kàn sí báǹkì yẹn kí wọ́n de owó tó bá ṣẹ́kù mọ́lẹ̀. Kó gba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Lẹ́yìn èyí ni kó lọ sí ẹ̀ka báǹkì rẹ̀ pẹ̀lú ìwé, kó sì fi tó ọlọ́pàá létí, nítorí báǹkì kejì kì í sábà dá owó padà láìrí ìwé ọlọ́pàá tàbí àṣẹ kóòtù. Bí báǹkì bá ń fi falẹ̀, kó kọ̀wé sí CBN, báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ní cpd@cbn.gov.ng, kó fi nọ́ńbà ẹ̀sùn sí i.

Bó bá kọ ọ̀rọ̀ náà sórí Facebook, àwọn kan á yọjú pé àwọn lè bá a gba owó náà padà bó bá san ohun díẹ̀, tàbí pé báǹkì ló rán àwọn, kó ka OTP, nọ́ńbà ìdánilójú tí báǹkì fi ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀, fún àwọn. Jìbìtì kejì nìyẹn. Báǹkì kì í béèrè OTP, PIN tàbí nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì lọ́wọ́ ẹni tó wá fẹjọ́ sùn.