Ìbéèrè: Kí ni mo lè ṣe kí dísáìnì àwọn oníbàárà mi má bàa ṣègbé?

Ìyá Ìbùkún: Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú. Káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, rìsíìtì, gbogbo dísáìnì àwọn oníbàárà láti ọdún 2016 ló wà lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iná dé, ó le ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì jó kọ̀ǹpútà aládùúgbò mi. Háàdì díìsì rẹ̀ kò ṣí mọ́. Ọkàn mi ò balẹ̀ láti ìgbà náà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ ra UPS, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń tọ́jú iná díẹ̀ kí kọ̀ǹpútà má bàa kú lójijì. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ yọ wáyà kúrò lára ògiri, torí ìgbà tí iná bá ń padà bọ̀ ló máa ń ṣọṣẹ́.

Bàbá Oníkọ̀ǹpútà: Òótọ́ ni, àmọ́ UPS ò lè gbà yín lọ́wọ́ olè. 3-2-1 làwa oníṣẹ́ yìí ń tẹ̀ lé: ẹ̀dà mẹ́ta, orí oríṣi nǹkan méjì, kí ọ̀kan wà níbòmíràn. Ẹ má sì fi háàdì díìsì ìpamọ́ sílẹ̀ lára kọ̀ǹpútà. Nígbà tí WannaCry, fáírọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà kan, jà ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, ó ti fáìlì pa dé orí háàdì tí wọ́n so mọ́ kọ̀ǹpútà.

Ìyá Ìbùkún: Ẹ ṣé sà. Google Drive, ibi ìpamọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn, ńkọ́? 15GB ni wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́.

Bàbá Oníkọ̀ǹpútà: Ẹ lò ó, àmọ́ kó má dá nìkan wà. Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní Nàìjíríà. Oníbàárà tó ń ṣègbéyàwó ní Sátidé ò ní gbọ́ ìyẹn.

Àkàndé: Àǹtí, ẹ dán ìpamọ́ yín wò! Ní oṣù Kìíní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab, iléeṣẹ́ tó ń bá àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà tọ́jú iṣẹ́ wọn, ṣèèṣì pa dátà wọn rẹ́. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ gbé ìpamọ́ jáde ni wọ́n tó rí i pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ ò ṣiṣẹ́. Lóṣooṣù, ẹ mú fáìlì dísáìnì CorelDRAW kan nínú háàdì ìpamọ́, kẹ́ ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Bí fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà tẹ́ ẹ lò, ò bá sí níbẹ̀, gbogbo lẹ́tà ló máa dàrú. Ẹ pa fọ́ǹtì mọ́ pẹ̀lú dísáìnì.

Ìyá Ìbùkún: Ẹ ṣé gan-an. Ṣé háàdì 1TB á tó?

Bàbá Oníkọ̀ǹpútà: Á tó dáadáa. Ẹ ra méjì, kẹ́ ẹ máa gbé ọ̀kan lọ sílé.