Àwòrán àfilé ni, kì í ṣe òtítọ́ àfikún

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ti ka àbá àgbà wa, pé kí á máa pe augmented reality, ìyẹn kí ẹ̀rọ máa fi àwòrán hàn lórí ohun gidi tí ojú ń rí, ní “òtítọ́ àfikún”, kí á sì pe iṣẹ́ tí àwọn ayàwòrán ẹ̀rọ ń fi í ṣe, ìyẹn dídán títo ẹ̀rọ pọ̀ wò kí wọ́n tó rọ ọ́, ní “àfarawé àpéjọ”. Mo júbà wọn, àmọ́ n kò bá wọn lọ lórí ìkankan nínú méjèèjì. “Àwòrán àfilé” ni mo fẹ́ kí á pe ti àkọ́kọ́, “ìdánwò ìtòpọ̀” ni kí á sì pe èkejì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun náà fúnra rẹ̀. Tom Caudell àti David Mizell, òṣìṣẹ́ Boeing tó ń ṣe ọkọ̀ òfurufú, ni a gbà pé wọ́n fún un lórúkọ Gẹ̀ẹ́sì yẹn. Ìwé wọn jáde ní 1992. Wáyà ọkọ̀ òfurufú ló ń dà wọ́n láàmú. Orí pátákó gbọọrọ tí a ti ya ipa wáyà sí ni òṣìṣẹ́ ti ń tò ó, ipa wáyà sì pọ̀ bí i ti alántakùn. Wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ kúkú de ẹ̀rọ kan mọ́ ojú, tí yóò máa fi ipa wáyà hàn án lórí pátákó òfìfo, bíi pé wọ́n yà á síbẹ̀. Ilà tí onítọ̀hún ń rí kò sí níbẹ̀ rárá. Báwo la ṣe fẹ́ pè é ní òtítọ́? Irọ́ ni òtítọ́ ń bá ṣọ̀tá lédè wa, kì í ṣe àwòrán. Ẹlòmíràn ní kí á lo “ojú ayé”. Háà! Ta ni kò mọ iṣẹ́ ojú ayé?

“Àfikún” náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Iye la ń fi nǹkan kún. Owó oṣù là ń fi kún. Ní 1997, Ronald Azuma, olùwádìí nínú iṣẹ́ yìí, ka ohun mẹ́ta tí nǹkan yìí gbọ́dọ̀ ní: kí ojúlówó àti àwòrán jọ wà pọ̀, kí àwòrán máa dá ẹni tó ń lò ó lóhùn lójú ẹsẹ̀, kó sì jókòó síbi tó yẹ ẹ́ gẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń wò ó tilẹ̀ yí orí. Ẹ̀kẹta yẹn ni “fi lé”, tó bí “àfilé”, gbé. Ẹni tó fọwọ́ lé nǹkan, ibi tó fọwọ́ lé ló ṣe kókó. Bí àwòrán bá yẹ̀ díẹ̀ kúrò lẹ́nu ihò rẹ̀, ìdánwò ti bàjẹ́. Àfilé tún yà á sọ́tọ̀ sí virtual reality, níbi tí ohun gbogbo ti jẹ́ àwòrán, tí kò sí nǹkan tí a ó fi í lé.

Òótọ́ ni pé àfilé kò sọ nǹkan kan nípa ìdáhùn lójú ẹsẹ̀. Ti Gẹ̀ẹ́sì náà kò sọ ọ́.

Ní ti “àpéjọ”, nọ́ọ̀tì kì í pe ìpàdé. Mẹkáníìkì ń tú ẹ́ńjìnì palẹ̀, ó sì ń tò ó pọ̀ padà. Ìtòpọ̀ nìyẹn. (Kí ẹ ṣáà má fi àmì sábẹ́ ò yẹn o.)

“Àfarawé” ńkọ́? Ayàwòrán ẹ̀rọ kò fara wé ẹnì kan. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ á wọlé, bóyá sípánà á ráyè yí, àti ẹ̀yà wo ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé kó má baà dí òmíràn lọ́nà. Bó bá mọ̀ ọ́n nígbà tí iṣẹ́ ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà, kó pa ilà rẹ́ ló kù. Ó ń dán an wò ni. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní ìdánwò ti ilé ìwé jù, àmọ́ a kì í ra ọkọ̀ láìdán an wò. Nítorí náà: ìdánwò ìtòpọ̀ pẹ̀lú àwòrán àfilé.

Ó ku ọ̀kan tó le. Bí ọwọ́ bá kọjá níwájú àwòrán, ó yẹ kí ọwọ́ bò ó. Bí kò bá bò ó, ojú á máa rí i bíi pé ẹ̀yà tó wà lẹ́yìn ló wà níwájú. Kí la ó pe bíbò yẹn? “Ìbòmọ́lẹ̀” ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, àmọ́ ó ń rùn bí ẹjọ́ jìbìtì. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó gbé e wá.