Kí ló dé tí DNA polymerase kò lè dá iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀?

tisa_lagere (Ilé-Ifẹ̀):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè kíláàsì SS3 rèé, lórí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń ṣe ẹ̀dà DNA. Pé okùn méjèèjì á yà, pé nínú lẹ́tà mẹ́rin DNA, A ń bá T lọ, tí C ń bá G lọ, ìyẹn ti yé wọn. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí okùn tuntun kan fi ń lọ gbọnrangandan, tí èkejì ń jáde ní ègé kéékèèké? Kí sì ni ti RNA kékeré tí wọ́n ń tò síbẹ̀, tí wọ́n tún ń yọ kúrò? Ọmọ kan ní iṣẹ́ asán ni. Mi ò fẹ́ dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni ìwé wí.

omo_obokun (Iléṣà):
Ẹ kú làálàá, tíṣà. Ẹ mú un láti orí ìdojúkọ. Okùn méjèèjì dà bí ọkọ̀ tó ń ti Ifẹ̀ lọ Iléṣà àti èyí tó ń ti Iléṣà bọ̀: títì kan náà, wọn ò kọjú síbì kan náà. Polymerase, ẹ́ńsáìmù tó ń kọ okùn tuntun, ìparí okùn tí wọ́n ń pè ní 3′ nìkan ló lè lẹ lẹ́tà mọ́ (5′ ni ìparí kejì).

Helicase ló ń la okùn níwájú. Lórí okùn kan, ibi tí helicase ń lọ ni polymerase náà ń kọ lọ, kò ní ìdí láti dúró. Lórí èkejì, ńṣe ló ń kọ̀wé kúrò lọ́dọ̀ helicase. Bí helicase bá ti la díẹ̀ sí i, àyè tuntun ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó di dandan kí ó padà wá bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Ègé Okazaki nìyẹn, orúkọ Reiji àti Tsuneko Okazaki, tọkọtaya ará Jàpáànù tó fi í hàn ní 1968. Lẹ́tà 1000 sí 2000 ni ègé kan nínú bakitéríà. Tiwa kò ju 100 sí 200 lọ.

Ti RNA: onídìrí kì í fi wúù dirun lórí apárí. Irun díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nídìí tí wúù á dì mú. Ẹ́ńsáìmù primase ló ń hu irun yẹn, ìyẹn RNA, nǹkan bíi lẹ́tà 10.

labu_sabo (Ilé-Ifẹ̀):
Ọ̀rọ̀ “iṣẹ́ asán” yẹn ni kí n dá sí, torí ọmọ yẹn gbọ́n.

Kí polymerase tó fi lẹ́tà tuntun kún un, ó máa ń yẹ èyí tó gbẹ̀yìn wò. Bí kò bá jókòó dáadáa, ó dúró, ó gé e, ó tún un kọ. Ẹ́ńsáìmù tó bá lè bẹ̀rẹ̀ láti inú òfo kò ní ohunkóhun lẹ́yìn tó máa yẹ̀ wò, àṣìṣe á pọ̀ níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi RNA kọ ìbẹ̀rẹ̀: àmì ni, pé kí wọ́n yọ ibí kí wọ́n tún un kọ. Bí yíyan lẹ́tà bá dá wà, àṣìṣe tó ẹyọ kan nínú lẹ́tà 100,000. Àyẹ̀wò yìí sọ ọ́ di ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù 10, àwọn tó ń tún un ṣe lẹ́yìn náà sì gbé e dé bíi ẹyọ kan nínú bílíọ̀nù kan.

Ọ̀nà 5′ sí 3′ náà, torí àyẹ̀wò yìí ni. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń mú owó ọkọ̀ tirẹ̀ dání, fọ́síféètì mẹ́ta. Méjì bọ́ sílẹ̀, agbára ìsopọ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá gé lẹ́tà tó ṣì, èyí tó ń bọ̀ ṣì ní owó tirẹ̀ lọ́wọ́. Ká ní láti òdìkejì ni wọ́n ń kọ ọ́ ni, ìparí okùn ni owó á wà. Gé àṣìṣe kúrò, owó bá a lọ, iṣẹ́ dúró.

omo_obokun:
Ó péye. Ẹ jọ̀ọ́, tíṣà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ nínú ìdánwò pé ligase ń dí àlàfo. Nínú bakitéríà E. coli, polymerase I ló ń yọ RNA, òun náà ló ń fi DNA dí àyè rẹ̀. Ojú ibi tí ègé méjì ti pàdé nìkan ni ligase ń lẹ̀.

Ẹ má gbàgbé gyrase, ẹ́ńsáìmù tó ń tú ìlọ́po okùn. Polymerase ń kọ nǹkan bíi lẹ́tà 1000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, lẹ́tà 10.5 sì ni okùn fi ń lọ́ po lẹ́ẹ̀kan: ìlọ́po bíi 95 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan! Ẹ fún wọn ní okùn oníméjì tí a lọ́ pọ̀, kí ọmọ kan di ìdí rẹ̀ mú, kí èkejì máa ya orí rẹ̀ sọ́tọ̀. Ìdí á lọ́ wúruwùru. Gyrase ń gé e, ó ń tú u, ó tún ń so ó. Oògùn ciprofloxacin kì í jẹ́ kó so ó padà, DNA bakitéríà á já.

tisa_lagere:
Ẹ ṣeun púpọ̀ sà. RNA tó wà ní ìkángun ńkọ́? Mo mọ̀ pé wọ́n á bi mí.

labu_sabo:
Òbìrìkítí ni DNA E. coli, kò ní ìkángun. Tiwa ló ní. Bí wọ́n bá yọ RNA tìkángun, kò sí ègé mìíràn lẹ́yìn rẹ̀ tí polymerase lè gùn lé láti dí ibẹ̀, ìkángun DNA sì ń kúrú bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń pín. TTAGGG tí wọ́n tò síbẹ̀ léraléra ló ń jẹ ìyà yẹn. Ẹ́ńsáìmù telomerase ń fi kún un nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè àtọ̀. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ara tó kù kò ní in.