Onífótò pa ìlà ojú ìyá mi rẹ́ nínú fótò físà. Ṣé a lè lò ó bẹ́ẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́ Àkúrẹ́:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, ìyá mi wà ní Oǹdó. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Houston máa tó bímọ, ó ní kí Màmá wá bá òun wẹ ọmọ. Èmi tí mo ní kọ̀ǹpútà ni wọ́n wá di ẹrù fọ́ọ̀mù físà Amẹ́ríkà rù, DS-160 yẹn. Mo ń kọ ọ́ bọ̀ títí mo fi dé ibi tí wọ́n ti ní ká gbé fótò sí i. Ibẹ̀ ni mo há sí.

Lọ́jọ́ Sátidé, Màmá wọkọ̀ wá. Mo ti sọ fún wọn lórí fóònù pé wọn ò ní wé gèlè nínú fótò yìí o, wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Ìgbà tí wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, gèlè aṣọ òkè tí wọ́n wé níbi ìgbéyàwó mi ló wà lórí wọn. Wọ́n ní ta ló ń lọ Amẹ́ríkà tí kò ní wé gèlè. A dé ṣọ́ọ̀bù onífótò kan nítòsí Ọjà Ọba, ọmọkùnrin méjì ti jókòó síbẹ̀, Màmá ní àwọn ò lè ṣí orí sílẹ̀ lójú ọmọ ọlọ́mọ. Àfìgbà tí mo bẹ àwọn ọmọ yẹn pé kí wọ́n jọ̀ọ́ bọ́ síta. Irun tó wà lábẹ́ gèlè ọ̀hún, ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tó ti rí òòyà gbẹ̀yìn. Omi inú ike tí mò ń mu ni mo dà sọ́wọ́ tí mo fi pa á mọ́lẹ̀.

Mo sọ fún onífótò pé ẹ̀yìn funfun la fẹ́, kó má ta aṣọ pupa tó fi ń ya ti àwọn ọmọ ilé ìwé. Ó yà á, ó wọlé lọ bá kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, mẹ́jọ. Màmá gbà á, wọ́n ń wò ó, wọn ò sọ̀rọ̀. Èmi náà yọjú wò ó. Ìlà ojú wọn ti lọ.

Ẹni tó bá mọ àwọn àgbà Oǹdó mọ ìlà tí mò ń wí: ẹyọ kan ṣoṣo, gígùn, lóròó, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ti Màmá jinlẹ̀. Nígbà tí bàbá wa kú, mo jókòó tì wọ́n, mo rí omijé tó ń gba inú ìlà yẹn wálẹ̀ bí omi tí wọ́n la ojú àgbàrá fún. Ọmọ yìí wá fi kọ̀ǹpútà dán gbogbo ẹ̀ bí abọ́ tánganran. Mo bi í léèrè, ó ní, "Àǹtí, mo kàn bá wọn fọ ojú wọn ni. Mi ò gbowó lórí ìyẹn."

Ohun tó wá mú kí n wá síbí ni pé inú Màmá dùn sí i! Wọ́n ní, "Ojú tí mo gbé wáyé rèé." Wọ́n ní nígbà tí àwọn ń kọ́ṣẹ́ tíṣà, àwọn ẹgbẹ́ àwọn a máa pe àwọn ní "nọ́ńbà wọ̀nwọ̀n", ìyẹn 1-1, nítorí ìlà méjèèjì, pé èyí gan-an ni ká lò. Ẹ̀rù sì ń bà mí, nítorí pé ìlà wà lójú wọn nínú ìwé ìrìnnà. Mo tiẹ̀ dán an wò láti gbé e sínú fọ́ọ̀mù, fọ́ọ̀mù ní fáìlì rẹ̀ wúwo jù. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bọ̀dé Tòkunbọ̀:
Ẹ lò ó jàre. Ta ló ń wo fótò? Ìka ọwọ́ ni wọ́n máa tẹ̀ níbẹ̀. Èmi fi fótò tí mo ti yà fún ọdún mẹ́ta béèrè, kò sẹ́ni tó bi mí.

Onífótò Arákàlẹ̀:
Bọ̀dé, má ti ìyá oníyàá sí kòtò. Tìẹ bọ́ sí i ni. Oṣù mẹ́fà ni fótò físà Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ ti pẹ́ jù.

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ má lò ó. Òfin wọn ni pé èèyàn kò gbọdọ̀ fi kọ̀ǹpútà yí ìrísí ojú padà rárá, ì báà ṣe ìlà, ì báà ṣe tàdáwà, ì báà ṣe àpá. Ẹ tún wò ó báyìí: wọ́n á pe Màmá síwájú fèrèsé ní ọ́fíìsì Amẹ́ríkà tó wà ní Walter Carrington l'Ékòó, ẹni tó wà nínú gíláàsì á wo ìwé ìrìnnà, á rí ìlà, á wo ojú Màmá, á rí ìlà, á wá wo fótò inú fọ́ọ̀mù, kò ní rí nǹkan kan. Ṣé irú ìbéèrè tí ẹ fẹ́ kí wọ́n bi arúgbó nìyẹn?

Mo fẹ́ gbèjà ọmọ iṣẹ́ wa díẹ̀ o. Iṣẹ́ yìí ni mo ti ń jẹ láti ìgbà tí a ṣì ń fọ fíìmù nínú òkùnkùn. Ẹ̀yìn funfun máa ń tan kámẹ́rà jẹ. Á rí gbogbo funfun yẹn, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, èèyàn dúdú á wá di èédú. Ìgbà tí a bá fẹ́ tan ojú yẹn padà nínú kọ̀ǹpútà ni ọwọ́ àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti máa ń yá jù. Ẹ̀rọ wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n á tẹ̀ ẹ́, gbogbo ojú á dán. Fóònù míì tiẹ̀ wà tí kì í dúró kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Ẹ pa á kẹ́ ẹ tó yà á.

Ẹ gbé Màmá kọjú sí fèrèsé lówùúrọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ ìta dà sí wọn lójú dọ́gbadọ́gba. Kí wọ́n fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta jìnnà sí ògiri, òjìji kò ní lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn wọn. Ẹ fi aṣọ nu òróró iwájú orí. Kí wọ́n má rẹ́rìn-ín, kí wọ́n la ojú méjèèjì, kí wọ́n wo kámẹ́rà gán-an. Aṣọ aláwọ̀ ló dáa, torí pé léèsì funfun lórí ẹ̀yìn funfun, orí nìkan ló máa dà bí ẹni ń fò lófuurufú.

Mẹ́jọ tó tẹ̀ fún yín yẹn, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n. Bó bá jẹ́ pásípọ́ọ̀tù wa lásán, mìlímítà 35 sí 45 ni, ìyẹn ló wúlò fún físà Schengen, ti àwọn ará Yúróòpù. Ti Amẹ́ríkà dọ́gba ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, íǹṣì 2 sí íǹṣì 2. Láti àgbọ̀n dé àtàrí gbọ́dọ̀ wà láàárín íǹṣì 1 sí íǹṣì 1⅜. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fa ti kékeré gbòòrò kó lè di onígun mẹ́rin, ojú á fẹ̀ bí àkàrà.

Ní ti fáìlì tí wọ́n ní ó wúwo jù: irú fáìlì fótò tí wọ́n ń pè ní JPEG ni wọ́n ń gbà, kò gbọdọ̀ ju kilobyte 240 lọ, kí fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ sì wà láti pixel (àwọn tóótòòtó tó para pọ̀ di fótò) 600 sí 600 títí dé 1200 sí 1200. Ẹ kọ́kọ́ gé e sí igun mẹ́rin, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó dín in kù. Ẹ má jẹ́ kí onífótò fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp bíi fótò o, á ti fún un pọ̀ kó tó dé ọwọ́ yín. Kó fi í ránṣẹ́ bíi ìwé, bíi document.

Àlàájà Ọ̀dà Road:
Kí n fi kiní kan kún un nítorí àwa tí a máa ń bo orí. Hìjáàbù kò sí lára gèlè tí wọ́n ní ká tú. Ohun tí èèyàn ń fi bo orí lójoojúmọ́ nítorí ẹ̀sìn, wọ́n gbà á, bí gbogbo ojú bá ti hàn tí òjìji rẹ̀ kò sì bọ́ sójú. Dúdú ni mo fi ya tèmi, kó lè yàtọ̀ sí ẹ̀yìn funfun. Gèlè aṣọ òkè ṣá, a ò lè pè é ní ẹ̀sìn o, Màmá ẹ má bínú.

Bọ̀dé Tòkunbọ̀:
Mo ti gbọ́ o. Awò ojú ńkọ́? Èmi ò lè ríran láìsí i.

Onífótò Arákàlẹ̀:
Bọ́ ọ sílẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2016 ni wọ́n ti fagi lé awò nínú fótò físà wọn, àfi tí dókítà bá kọ̀wé pé o kò lè bọ́ ọ, bíi ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ sí lójú. Kámẹ́rà ni wọ́n ní kí o wò, wọn ò ní kí o kàwé.

Ọmọ Oǹdó Gidi:
Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ Màmá yìí dùn mí. Bàbá mi ní irú ìlà yẹn gẹ́lẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣòfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ní 2003, tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọlà sára ọmọ mọ́, mo kà á fún wọn. Wọ́n ní ó dáa, pé ṣùgbọ́n ta ló máa bá àwọn ká ti àwọn kúrò. Torí náà ẹ má bá Màmá jà nítorí inú tó dùn wọ́n. Ẹ ṣáà má fi èyí gba físà. Bí fótò bá sì kọ̀ láti wọlé pátápátá, ẹ parí ìyókù fọ́ọ̀mù, kí ẹ mú ẹyọ kan tí wọ́n tẹ̀ dáadáa dání lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Bí àwa ṣe ṣe ti ìyá ìyàwó mi nìyẹn.

Àbẹ̀kẹ́ Àkúrẹ́:
Ẹ ṣeun o, mo padà wá jábọ̀. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n, 35 sí 45 ni lóòótọ́. Èmi fúnra mi ni mo tún un yà lówùúrọ̀ yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀, bẹ́ẹ̀dìṣíìtì funfun lára ògiri, ọmọ mi ọkùnrin dì í mú lókè kó má baà wó lu Màmá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún ni mo yà á. Nínú mẹ́wàá, Màmá ń bá ọmọ yẹn wí pé kó dúró dáadáa, ẹnu wọn la sílẹ̀. Èyí tó dáa jù, ìlà méjèèjì jókòó síbẹ̀ kedere. Mo gé e sí 600 sí 600, ó wá sí kilobyte 112, ó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Màmá wo fótò tuntun, wọ́n ní, "Hùn-ún, ẹni yìí ni mo mọ̀." Wọn ò jiyàn.

Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n bá àwọn fi ti onífótò yẹn sójú WhatsApp àwọn, mo sì ti fi í síbẹ̀. Láti ọ̀sán ni àwọn ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn l'Óǹdó ti ń pè, wọ́n fẹ́ mọ orúkọ ìpara tí wọ́n ń pa.